Bí Íńtánẹ́ẹ̀tì Bá Já Lẹ́ẹ̀mẹta

Ọjọ́rú, 27 Oṣù Kẹjọ, 2025

Wọ́n gbà mí! Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka lẹ́tà yẹn lórí fóònù kí n tó gbàgbọ́. Èmi Hidayat, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, tí ilé-ẹ̀kọ́ Ìkòsí ní kó máa lọ sílé lóṣù tó kọjá lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún, èmi ni wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ wa tó wà nílùú òyìnbó ní Yorùbá lórí fídíò, láti inú yàrá mi níbí ní Kétu. Aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Ọjọ́ Ajé sí Jímọ̀. Owó oṣù kan níbẹ̀ ju oṣù mẹ́ta tí mò ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìlà tó kẹ́yìn ló já mi láyà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọn yóò fi wò mí. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi bá já lẹ́ẹ̀mẹta lásìkò kíláàsì, tí mi ò sì padà wọlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó parí nìyẹn. Uncle Bámi, ọ̀gá wọn, tún pè mí láti tẹnu mọ́ ọn: "Aunty Hidayat, kì í ṣe pé a burú o. Àwọn parents ló máa ń bínú. Ẹ wá internet gidi sílé, ẹ má fi fóònù ṣe é o."

Mo sọ fún Màmá. Wọ́n wo orúnkún wọn tó wú, wọ́n ní, "Hidayat, mi ò fi ogójì ọdún jókòó ti àlùbọ́sà ní Mile 12 kí ìwọ náà lè wá jókòó tì í." Òótọ́ ni. Bí èyí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ìsọ̀ àlùbọ́sà yẹn ló kù tó ń dúró dè mí.

Jímọ̀, 29 Oṣù Kẹjọ

Ẹnu yà mí lónìí, mi ò tíì lè pa á dé. Mo ti rò pé íńtánẹ́ẹ̀tì kan náà ni gbogbo wọn. Fóònù mi ń jẹ dátà bí ewúrẹ́ tó wọ oko ẹ̀gẹ́. Wákàtí méjì péré tí mo fi dán fídíò wò lánàá gbé dátà ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ní Alápẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan fi díìṣì tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé hàn mí, èyí tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Ó funfun báláú, ó wù mí. Mo bèèrè iye rẹ̀. Ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ra òrùlé mọ́ ọn o, díìṣì nìkan ni mò ń bèèrè." Kò rẹ́rìn-ín.

Gbogbo èèyàn ló ń yin fáíbà, wáyà tó ń gba orí òpó wọlé. Ṣùgbọ́n ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó fà á dé ọ̀dọ̀ wa, Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo sì máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí mo ṣe ra ráútà tó ń lo síìmù nìyẹn. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Vivian ló tà á fún mi ní ọ́fíìsì àwọn onísíìmù ní Kétu, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n lóṣù, "unlimited, Mummy." Mo ní kí ni ìyẹn túmọ̀ sí. Ó ní, "Kì í tán."

Ọjọ́ Àìkú, 31 Oṣù Kẹjọ

Ráútà ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń tàn yanran. Ó yá ju bí mo ṣe rò lọ. Mo fi alubosa12 ṣe páásíwọ̀dù, nítorí Màmá àti Mile 12, mo sì tẹ̀ ẹ́ sí fóònù wọn kí wọ́n lè máa wo wáàsí. Wọ́n ní kí ni mo tẹ̀ sí i. Mo sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Bí mo bá ń wò ó báyìí, ṣé tìrẹ ò ní dín kù?"

"Màmá, kì í tán."

"Kì í tán kẹ̀?"

"Kì í tán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tà á fún mi."

"Subhanallah," ni Màmá wí, wọ́n sì ń wo ráútà náà títí. Ìgbéraga díẹ̀ wà nínú bí mo ṣe dá wọn lóhùn, mo jẹ́wọ́.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án

Kíláàsì àkọ́kọ́. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n, gbogbo wọn ò ju ọdún mẹ́sàn-án lọ. Olúwadàmọ́lá, ọmọ ọdún méje ní Manchester, kò ní eyín iwájú, ó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá. Mo kọ́ wọn bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ Ìkòsí: ẹ fa ìlà méjì, ti ìsàlẹ̀ ni ilẹ̀, ti òkè ni àjà. Gbogbo lẹ́tà gbọ́dọ̀ dúró lórí ilẹ̀; àwọn tó ga bíi "l" àti "b" ló máa ń forí kan àjà. Mo gbé àlùbọ́sà kan sókè níwájú kámẹ́rà, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ. Olúwadàmọ́lá ní òun ń gbọ́ òórùn rẹ̀.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò mì rárá. Màmá tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ń ṣọ́ mi kí ẹnikẹ́ni má pariwo.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Ẹ̀wà tí Màmá ń ṣà ń dún ko-ko-ko nínú kíláàsì. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà mi ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí orúnkún wọn. Ó sú mi.

Èrò tún pọ̀ níbi ẹ̀rọ omi iwájú ilé. Bàbá ló gbẹ́ ẹ kí wọ́n tó kú, Màmá ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Sàráà tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ wọn ni. Mo yọjú lójú fèrèsé lónìí: èèyàn mẹ́wàá, kẹ́ẹ̀gì méjì. Láti ìgbà wo ni kẹ́ẹ̀gì ti ń pẹ́ tó báyìí kó tó kún?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Ó já! Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú. Mo ń pe "ewúrẹ́" fún wọn lọ́wọ́ ni ojú gbogbo wọn dúró gbagidi. Olúwadàmọ́lá lanu, ẹnu náà ò sì pa dé mọ́. Mo pa ráútà, mo tàn án. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé, mo gbé e padà. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún! Nígbà tí mo fi máa wọlé, kò sí ọmọ kankan níbẹ̀ mọ́.

Uncle Bámi fi ìlà kan ránṣẹ́: "Ọ̀kan rèé o, Aunty."

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti dé ọ́fíìsì onísíìmù kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Vivian wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí, ó ní, "Mummy, ohun tí ẹ ti lò láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìdílé kan á fi oṣù mẹ́ta lò ó. Tó bá ti tó iye kan, wọ́n máa ń dín speed ẹ̀ kù títí oṣù fi máa parí. Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ń lò ó?"

"Èmi àti ìyá mi! O ní kì í tán!"

"Kò tán náà, Mummy. Ó kàn slow ni."

Kò tán, ó kàn slow! Inú bí mi débi pé mi ò mọ ohun tí mò ń sọ mọ́. Mo pè é ní òpùrọ́. Mo pè é ní olè. Mo ní bóyá bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ọmọ náà sorí kọ́, ó ń wo tábìlì. Nígbà tí mo jáde síta, ara mi bù máṣọ. Olùkọ́ ni mí. Ta ló gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí mi lẹ́nu? Ẹyin lohùn, tèmi sì ti balẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti yan fáíbà. Mo pa ráútà yẹn, mo jù ú sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Fóònù tí mo gbé lé agolo mílíìkì méjì ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, dátà sì ń lọ bí ẹní gbé omi lé agbọ̀n. Alága àdúgbò ní kí n wá rí òun kí wáyà tó lè gba orí òpó wọn kọjá. Mo lọ rí i. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òpó ní bàbá.

Òjò lójoojúmọ́. Tòmátì ti gbówó lórí. Màmá ní ọ̀nà Òkè Ọya ló bàjẹ́.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹsàn-án

Fáíbà ti wọlé, kò tiẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹnjiníà tí wọ́n rán wá ń jẹ́ Ṣọládé, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun ṣùgbọ́n ó gun òpó ju ọ̀dọ́ lọ. Ó bi mí ní orúkọ àti páásíwọ̀dù tí mo fẹ́. Mo ní kó fi ti tẹ́lẹ̀ sí i, alubosa12, kí fóònù Màmá má baà dàrú. Nínú kíláàsì, ojú àwọn ọmọ mọ́lẹ̀ kedere. Mo rí i pé eyín Olúwadàmọ́lá kan ti ń yọ orí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Ẹ gbà mí o. Tírélà kan tó ń lọ já ẹrù ní Mile 12 ṣìnà wọ àdúgbò wa, ẹrù orí rẹ̀ ga ju òrùlé wa lọ. Mo gbọ́ gbàràgàdà níta, ojú àwọn ọmọ sì pòórá. Mo sáré jáde. Wáyà mi ló ń wọ́ tẹ̀lé ọkọ̀ náà bí ìrù. Mo gbójú sókè wo ohun tó rù. Àlùbọ́sà! Nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá sáyé, àlùbọ́sà!

Ẹkún ni mo sun, níwájú gbogbo èrò tó wà nídìí ẹ̀rọ omi. Màmá bá awakọ̀ náà wí ní Háúsá títí ó fi sọ̀ kalẹ̀, ó lóṣòó sílẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n pé "Hajiya, yi haƙuri." Ó fún wọn ní àlùbọ́sà apẹ̀rẹ̀ kan. Kí ni mo fẹ́ fi àlùbọ́sà ṣe? Kí n tó rántí fóònù mi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti kọjá.

"Èkejì rèé." Ohun tí Uncle Bámi kọ kò ju ìyẹn lọ. Kò tiẹ̀ kọ "o" sí i.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kẹsàn-án

Mo gbé ìtìjú tà, mo padà lọ bá ọkùnrin onídíìṣì ní Alápẹ̀rẹ̀, bóyá ó lè gbà kí n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ó ní kò tiẹ̀ sí. Ó ní àyè ti kún lójú ọ̀run lápá ibí yìí, orúkọ ni àwọn èèyàn ń kọ sílẹ̀ báyìí. Mo dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo gbójú sókè. Mi ò rí ohun tó kún ibẹ̀.

Jímọ̀, 26 Oṣù Kẹsàn-án

Ṣọládé dé láàárọ̀, ó so wáyà tuntun, ó gbé e ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó wá ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ó sì gbójú sókè wò mí.

"Aunty, ṣé hòtẹ́ẹ̀lì lẹ ń ṣe níbí ni?"

"Kí ló dé?"

Ó yí kọ̀ǹpútà náà sí mi. Fóònù mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, fóònù mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló jókòó sórí íńtánẹ́ẹ̀tì mi. Mo rí "Mutolib Fashion", télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa. Mo rí "Judith", ayálégbé wa ní yàrá ẹ̀yìn, tó ń kàwé láti di nọ́ọ̀sì. Àwọn yòókù, mi ò tiẹ̀ mọ bàbá tó bí wọn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ohùn Vivian ni mo ń gbọ́ létí: ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ń lò ó? Kò purọ́ fún mi. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Mo tẹ̀lé àwọn apọnmi láàárọ̀. Ẹnì kan wọ ẹ̀yìn táńkì tó wà nídìí ẹ̀rọ omi, ó gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó ń wo ògiri. Àwa tí a ní omi nínú ilé kì í dé ẹ̀yìn táńkì yẹn. Mo wọ ibẹ̀. Wọ́n fi èédú kọ ọ́ sára ògiri, gàdàgbà gàdàgbà, ó wọ́ díẹ̀: alubosa12. Wọ́n tiẹ̀ fa ìlà sókè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí ẹni kọ pátákó ìpolówó! Irú ìgboyà wo nìyẹn?

Mo já wọ ṣọ́ọ̀bù Mutolib bí ìjì. Ó ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Aunty, wallahi, ọwọ́ mi kọ́ nìyẹn. Èmi tí mò ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ síra aṣọ oníbàárà, ṣé bí mo ṣe ń kọ 'a' nìyẹn? Mo kàn bá a níbẹ̀ ni."

"Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀," ni Màmá wí lẹ́yìn mi. "Èmi ni mo fún wọn."

Mo yíjú padà. Wọ́n di ọ̀pá wọn mú, wọn ò sì wo ilẹ̀.

"Ìwọ lo ní kì í tán. Ohun tí kì í tán, nínú ilé Ọláníyan, ṣé a máa tì í mọ́lé ni? Omi ò lọ́tàá, Hidayat. Bàbá rẹ ò ta omi fẹ́nikẹ́ni títí wọ́n fi kú."

"Omi kọ́ nìyí, Màmá! Iṣẹ́ mi ni! Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré kí wọ́n lé mi! Ta ló tiẹ̀ bá yín kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀wé?"

Wọ́n wò mí. Wọ́n wọlé lọ, ọ̀pá wọn ń dún lára símẹ́ńtì. Mo pe Ṣọládé, ó padà wá yí páásíwọ̀dù sí òmíràn. Mo fẹ́ fi omi pa àkọlé yẹn rẹ́. Mutolib ní kí n fi sílẹ̀, kò kúkú ṣiṣẹ́ mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Oṣù Kẹsàn-án

Kíláàsì ń lọ geere. Níta, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n ń pọnmi, wọ́n ń lọ. Judith pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Kò burú, Aunty, màá máa ra dátà." Orí íńtánẹ́ẹ̀tì mi ló ti ń yanjú ìbéèrè ìdánwò rẹ̀, mi ò mọ̀. Kò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù.

Màmá ò jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi mọ́. Bí mo bá bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Mo ti gbọ́." Ẹní wọn ṣì wà níbẹ̀, wọn ò jẹ́ kí n ká a. Ó yà mí lẹ́nu pé ariwo ẹ̀wà yẹn ni mò ń tẹ́tí sí.

Jímọ̀, 3 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ bẹ Vivian. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí ju ti Uncle Bámi lọ. Mo dúró níwájú àwọn tí mo ti bú u níṣojú wọn, mo ní, "Vivian, má bínú. Òótọ́ lo sọ. Fóònù mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Kò sì yẹ kí n mẹ́nu kan ìyá rẹ."

Ó ní, "Mummy, wọ́n ti pè mí ní ohun tó ju ìyẹn lọ ní kanta yìí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó padà wá rí."

Òun ló gbà mí nímọ̀ràn pé kí n san ti oṣù yìí sórí ráútà àtijọ́, kí n fi sílẹ̀ nítòsí, kí èkejì lè gbé mi bí ọ̀kan bá já. Mo san án, mo dá a padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá

Uncle Bámi ní Jímọ̀ ni òun máa wọ kíláàsì mi, èyí tó kẹ́yìn, kí wọ́n tó pinnu. Màmá ti padà sẹ́nu ọ̀nà lónìí. Wọn ò ṣa ẹ̀wà, wọ́n kàn jókòó. Èmi náà ò sọ̀rọ̀, kí wọ́n má baà dìde.

Jímọ̀, 10 Oṣù Kẹwàá

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má baà rò lọ́la pé àlá ni.

Aago mẹ́rin ó lé ìṣẹ́jú márùndínlógún, fáíbà kú. Àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà lójú títì ló gé e, mi ò mọ̀ nígbà náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Mo fa ráútà àtijọ́ jáde, mo tàn án, ó gba ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko kó tó jí. Ojú àwọn ọmọ padà. Ojú Uncle Bámi náà padà. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn dúró gbagidi. Mo gbọ́ tin-tin-tin láti ìdí ẹ̀rọ omi, láti ṣọ́ọ̀bù Mutolib, láti yàrá ẹ̀yìn. Páásíwọ̀dù àtijọ́ ló wà lára ráútà yìí! Gbogbo fóònù tó mọ̀ ọ́n ti sáré wọlé, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yí i padà.

"Aunty Hidayat, a ò gbọ́ yín," ni Uncle Bámi wí, ọ̀rọ̀ náà ń gé kélekèle.

"Màmá!" Mi ò mọ ìdí tí mo fi pè wọ́n. "Màmá, wọ́n ti wọlé! Gbogbo wọn ti wọlé!"

Mo gbọ́ tí ẹní wọ́, tí ọ̀pá ṣubú. Màmá, tí orúnkún wọn kì í jẹ́ kí wọ́n yára dé ilé ìwẹ̀, sáré. Mo rí wọn lójú fèrèsé, wọ́n ń fi ìgbákọ lu ìdí ọpọ́n. "Ẹ pa fóònù yín o! Gbogbo yín! Ẹ pa á! Iṣẹ́ ọmọ mi ń lọ!" Wọ́n kọjú sí àwọn alábàárù tó wá pọnmi, wọ́n tún un wí ní Háúsá: "Ku kashe waya!"

Mo rò pé wọ́n máa fi wá rẹ́rìn-ín ni. Ta ni mo fún ní ohun rere nínú wọn láti ọ̀sẹ̀ méjì? Ṣùgbọ́n Mutolib jáde, ó gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó pa á. Judith yọ tirẹ̀ lójú fèrèsé, ojú fóònù náà dúdú, ó ti pa á. Níbi ẹ̀rọ omi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń tẹ fóònù, ó ń lọ sínú àpò. Ojú Olúwadàmọ́lá mì lórí kọ̀ǹpútà mi, ó ṣẹ́jú, ó ní, "Aunty, ṣé ẹ ti gbọ́ mi báyìí?"

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni. Mo kọ́ wọn títí di aago mẹ́fà, kò sí ẹni tó tan fóònù níta.

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ lọ, Uncle Bámi dúró. "Ẹ kú iṣẹ́, Aunty. Ẹ ti wọlé." Mi ò tíì dúpẹ́ tán tó fi ní, "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ta ni ìyá àgbà tó máa ń dáhùn lẹ́yìn yín? Mo gbọ́ wọn nínú gbogbo fídíò kíláàsì yín tí à ń gbà sílẹ̀, àfi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Tí ẹ bá bi àwọn ọmọ ní nǹkan, wọ́n á ti rọra dáhùn kí àwọn ọmọ tó lanu. Olúwadàmọ́lá ní ọmọ keje nínú kíláàsì wa ni wọ́n."

Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Mo ṣí ilẹ̀kùn láti lọ fò mọ́ Màmá. Ẹní wọn ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi tí wọ́n ti sáré dìde, símẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ sì hàn. Èédú ló kún ibẹ̀. Ìlà méjì méjì, ilẹ̀ àti àjà. Ata. Ewa. Ile. Ewure. Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn, gàdàgbà gàdàgbà, ó wọ́ díẹ̀.

Mo mọ ọwọ́ yẹn. Mo ti rí i lẹ́yìn táńkì.

"Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀wé." Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, níṣojú Mutolib.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹwàá

Lẹ́tà iṣẹ́ ti dé. Ṣọládé wá láàárọ̀, ó tún wáyà tó já so, ó sì pín íńtánẹ́ẹ̀tì náà sí méjì: ọ̀kan fún iṣẹ́ mi, ọ̀kan fún ìdí ẹ̀rọ omi, tí yóò máa kú fúnra rẹ̀ láago mẹ́rin, tí yóò sì jí láago mẹ́fà. Alubosa12 náà ni mo fi sí ti ìta. Judith kọ́kọ́ wọlé, Mutolib tẹ̀lé e.

Mo bẹ Màmá lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, símẹ́ńtì le.

Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. "Ogójì ọdún ni mo fi tà á. Wọ́n ń kọ ọ́ síra àpò lójú mi lójoojúmọ́, mi ò mọ èwo ni orúkọ ẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí o bẹ̀rẹ̀, òun lo fi kọ́ wọn. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n kọ, Hidayat, mo wá ibi tí màá kọ ọ́ sí tí èèyàn á ti rí i."

Mo lọ mú ìwé yìí wá. Láti kékeré mi, níbikíbi tí wọ́n bá ti ní kí Màmá, Ajarat Ọláníyan, fọwọ́ síwèé, àtàǹpàkò ni wọ́n ń tẹ̀. "J" ò tíì sí nínú ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ, mo fi hàn wọ́n. Mo fa ìlà méjì, ilẹ̀ àti àjà, mo gbé bírò lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Wọ́n nu ọwọ́ síra ìró.

ajarat